Kẹ̀kẹ́ Tó Há Mọ́ Ọ̀pá

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ìbíní rí mọ Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni awakọ̀ ti ń dúró kí èrò sọ̀ kalẹ̀ jẹun, kí wọ́n na ẹsẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀. Àwọn àgbà tún mọ̀ ọ́n mọ ogun abẹ́lé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Ìbíní kọjá, wọ́n dé Ọ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ìrìn wọn sì parí sí. Títí dòní, bí nǹkan bá le tán, Yorùbá á ní ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀.

Ohun tí èrò ọkọ̀ kì í rí ni ẹ̀yìn títì. Ọ̀rẹ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbó, tí èèyàn ibẹ̀ lé ní 230,000 nígbà ìkànìyàn ọdún 2006. Kòkó, ọ̀pẹ, rọ́bà àti gẹdú ló pọ̀ níbẹ̀. Àbà wà káàkiri inú igbó, ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà wọn. Ọmọ tó ń gbé lábà, tí ilé ìwé girama rẹ̀ wà nílùú, yóò fẹsẹ̀ rìn ni, tàbí kí òbí rẹ̀ máa wá owó ọ̀kadà lójoojúmọ́.

Nígbà kan, kẹ̀kẹ́ ológere ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àgbẹ̀ olóko kòkó tó bá ra Raleigh ti kúrò lẹ́gbẹ́ ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn: yóò di àpò kòkó sẹ́yìn lọ sọ́jà, yóò gbé ọmọ sẹ́yìn bọ̀ wálé. Nígbà tí ọ̀kadà dé, kẹ̀kẹ́ di nǹkan ìṣeré ọmọdé, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe náà sì ń dín kù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ará Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó gbọ́ nípa iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe nílẹ̀ mìíràn: kí àgbàlagbà fi kẹ̀kẹ́ fa ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Irú iṣẹ́ tó bá ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ ìlú mu gan-an ni.

Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, Rotary wà lára àwọn tí a mọ̀ jù. Ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1905 ni agbẹjọ́rò kan ní Chicago, Paul Harris, bá ọ̀rẹ́ mẹ́ta jókòó: oníṣòwò èédú kan, onímọ̀ ẹ̀rọ ìwakùsà kan, àti aránṣọ kan. Bí wọ́n bá ṣèpàdé ní ọ́fíìsì ẹnì kan lónìí, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n á gbé tọ̀la lọ, yíyí káàkiri yìí ló sì fún ẹgbẹ́ náà lórúkọ. Ọdún 1961 ni ó fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2003, agbẹjọ́rò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánò, Jonathan Babátúndé Majiyagbe, di ààrẹ Rotary gbogbo àgbáyé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà.

Ẹni tó bá ti jókòó nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rí kò ní ṣàjèjì níbi ìpàdé wọn. Ààrẹ á lu aago, wọn á kọ orin orílẹ̀-èdè, wọn á kí àlejò káàbọ̀. Àlejò kan á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìròyìn iṣẹ́ tí wọ́n dáwọ́ lé àti ti owó. Wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin tí Herbert Taylor ṣe ní ọdún 1932, tí wọ́n fi ń wọn ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ tàbí ṣe: bóyá òtítọ́ ni, bóyá kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, bóyá yóò mú ìrẹ́pọ̀ wá, àti bóyá gbogbo ẹni tó kàn ni yóò jàǹfààní rẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìpàdé yìí jẹ́ dandan tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2016, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lè máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lóṣù.

Àmì ẹgbẹ́ náà ni kẹ̀kẹ́ eléyín, eyín 24, apá mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n ń tún un yà ní àwọn ọdún 1920, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kíyè sí i pé kò sí ojú ihò tí wọ́n fi ń há irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọ̀pá àárín rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní ihò yìí lè máa yí láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní gbé agbára fún ẹ̀rọ kankan. Wọ́n bá gbẹ́ ihò náà sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìpàdé ẹgbẹ́ rí. Aago ń dún, aṣọ ẹgbẹ́ dára, fọ́tò pọ̀. Bí kò bá sí ohun tó há a mọ́ ayé ọmọ kan pàtó ládùúgbò, ó kàn ń yí ni.

Àwọn kan wà tí kẹ̀kẹ́ ológere ni ohun tó há iṣẹ́ wọn mọ́ ayé ọmọ. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Bikes Not Bombs. Ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ àlòkù ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí Nicaragua. Nígbà tó yá, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wọn, tí ọmọ ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ àlòkù kan ni wọ́n á gbé síwájú rẹ̀. Yóò tú táyà, yóò yọ túùbù, yóò wá ibi tó ti lu, yóò lẹ̀ ẹ́. Yóò fọ ṣéènì, yóò fún bíréékì, yóò na sípókù tó wọ́. Àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò ní gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kẹ̀kẹ́ náà di tirẹ̀.

Ibi tí agbára ètò yìí wà gan-an nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n bá pè jókòó, tí wọ́n ní kó sọ ohun tó ń dà á láàmú, yóò wolẹ̀ ni. Fún un ní ṣéènì tó ti dọ̀tí, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa nù ún. Kí ọwọ́ yín tó mọ́, ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ti ọ̀rẹ́ burúkú, ti ilé tí kò rọgbọ, ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ní Gánà tí kò jìnnà sí wa, ẹgbẹ́ Village Bicycle Project ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí láti ọdún 1999. Wọn kì í pín kẹ̀kẹ́ bí ẹni pín àkàrà níbi òkú. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ̀kẹ́ yóò kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, kó tó ra tirẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Ẹni tó bá fowó ara rẹ̀ kún nǹkan kì í fi sójú òjò.

Ẹ̀rí wà pé kẹ̀kẹ́ ń yí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ padà. Ní ìpínlẹ̀ Bihar, ní Íńdíà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin tó wọ kíláàsì kẹsàn-án lówó kẹ̀kẹ́ ní ọdún 2006. Àwọn olùwádìí rí i pé iye ọmọbìnrin tó ń wọ ilé ìwé girama fi ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ní Zambia, níbi tí ẹgbẹ́ World Bicycle Relief ti fún àwọn ọmọbìnrin ní kẹ̀kẹ́ onírin líle, àkókò ìrìn wọn sílé ìwé dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, pípa ilé ìwé jẹ sì dín ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ti obìnrin.

Kí ni Ọ̀rẹ̀ ní nílẹ̀? Ó pọ̀. Níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń dúró tọ̀sán-tòru, fọ́kànáísà kì í wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́káníìkì. Yorùbá sì ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tipẹ́ kí Rotary tó dé, a mọ ohun tí fírídọ̀ọ̀mù jẹ́. Rotary fúnra rẹ̀ ní ẹgbẹ́ Interact fún ọmọ ọdún 12 sí 18, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, tó lè wà nínú ilé ìwé girama èyíkéyìí. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ wà lọ́jà. Abẹ́ igi kan, pọ́ńpù, sípánà, sọ́lúṣọ̀n àti báfù omi tí wọ́n á ki túùbù bọ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ọ̀nà márosẹ̀. Kò sí ọmọ tó yẹ kó gun kẹ̀kẹ́ láàárín tírélà. Ọ̀nà àbà àti ọ̀nà àdúgbò ni kẹ̀kẹ́ yìí wà fún, kí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sì wá kọ́ àwọn ọmọ ní òfin ọ̀nà kí wọ́n tó jókòó sórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ bá ń gbèrò láti fi kẹ̀kẹ́ ta ọmọ lọ́rẹ ní Ọ̀rẹ̀ tàbí Odigbó, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó pe oníròyìn, ẹ kọ orúkọ àgbà méjì sínú ìwé ìpàdé yín, àwọn tí yóò máa wà níbẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé fún oṣù mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ obìnrin.