Elégbè inú jíìnì: ohun tí ẹ̀jẹ̀ ará Ìbàdàn fi yé ayé nípa àtọ̀gbẹ

Ẹni tó bá gba abẹ́ bíríìjì Mólété ní Ìbàdàn lọ sí Ọjà Bodè kò ní í pẹ́ rí ẹni tó ń ta àgbo ìtọ̀ ṣúgà. Gbólóhùn kan kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń rà á: "Ó wà nínú ìran wa." Òótọ́ ni, àmọ́ ó ku díẹ̀ kí òótọ́ náà pé.

Jíìnì tó ń pàṣẹ kí ara ṣe purotéènì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000. Gbogbo wọn ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, gbogbo wọn náà ló wà nínú ti ojú. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ àti èyí tó dákẹ́ ló ya ẹ̀dọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ojú. Ẹ wo agbo àríyá: ẹnì kan ń lé orin, àwọn elégbè ń gbè é. Nínú sẹ́ẹ̀lì, purotéènì kan á lọ dúró lórí jíìnì, òun ló ń lé. Bí kò bá rí elégbè, ohùn rẹ̀ kò ní í ròkè. Àwọn elégbè yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní coactivator. Wọn kì í fúnra wọn di jíìnì mú. Ara ẹni tó ń lé orin ni wọ́n ń rọ̀ mọ́. Bí DNA ṣe wé mọ́ra bí òwú tó ká mọ́ ìrànwú, àwọn elégbè bíi p300 àti CBP ló ń dẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀rọ tó ń ka jíìnì lè ráyè wọlé. Ní 1995, àwọn oníṣẹ́ Bert O'Malley ní Houston rí SRC-1, ọ̀kan lára àwọn tí a kọ́kọ́ mọ̀.

Ègbè tó pọ̀ jù náà ń pani lára. Ní 1997, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà rí i pé jíìnì elégbè kan, AIB1, ti di púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú jẹjẹrẹ ọyàn bíi ẹyọ kan nínú mẹ́wàá.

Ní ti àtọ̀gbẹ, 2006 ni àwọn ará Iceland tọ́ka sí jíìnì TCF7L2. Purotéènì rẹ̀ ló ń lé orin, beta-catenin ń gbè é, àyípadà tí wọ́n rí níbẹ̀ sì ń dín insulin tí ara ń tú jáde kù. Ìṣòro wọn ni pé lẹ́tà DNA tó wà nítòsí pọ̀, wọ́n sì jọ ń rìn bí èrò inú Micra kan ṣoṣo. Ta ni ká mú nínú wọn? Lọ́dọ̀ tiwa, tí ìran wa ti pẹ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ èrò náà ti sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 2007, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú ti àwọn ará Denmark, jẹ́ kí wọ́n mú ẹyọ lẹ́tà kan, rs7903146. Iṣẹ́ ìwádìí àtọ̀gbẹ tí Charles Rotimi wà nídìí rẹ̀ ló kó ẹ̀jẹ̀ tiwa jọ, láti Ìbàdàn, Èkó, Enugu, Accra àti Kumasi.

Ìyẹn nìkan kọ́ ni Ìbàdàn ṣe. Fún HapMap, iṣẹ́ àgbáyé lórí àyípadà inú DNA ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, 30 ìdílé níbí, bàbá, ìyá àti ọmọ, fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Yorùbá ni òbí òbí wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. YRI, ìyẹn Yorùbá ní Ìbàdàn, ni ayé ń pè wọ́n, sẹ́ẹ̀lì wọn sì wà ní ìpamọ́ ní Camden, ní New Jersey. Ní 2010, àwọn olùwádìí Chicago fetí sí bí jíìnì ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ọmọ Nàìjíríà 69, wọ́n sì rí jíìnì tó lé ní 1,000 tí àyípadà inú DNA ń darí ohùn wọn. Ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá rántí pé ọ̀pọ̀ wa tó ń kọjá ní Mólété kò gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀bùn ńlá yìí rí.

Apá tó kù nínú "ó wà nínú ìran wa" rèé. Elégbè kan wà tó ń jẹ́ PGC-1α, tí àwọn oníṣẹ́ Bruce Spiegelman ní Boston kéde ní 1998. Òun ló ń ru àwọn jíìnì tí iṣan ara fi ń sun oúnjẹ di agbára sókè. Ní 2003, àwọn olùwádìí rí i pé ohùn àwọn jíìnì wọ̀nyí lọ sílẹ̀ nínú iṣan àwọn alátọ̀gbẹ. Eléyìí kò ní kí ẹnikẹ́ni fi oògùn ilé ìwòsàn sílẹ̀ o. Àmọ́ lẹ́tà tí bàbá ẹni fi sílẹ̀ fún ẹni kò ṣeé pa rẹ́, nígbà tí PGC-1α inú iṣan ẹsẹ̀ máa ń pọ̀ sí i láàárín wákàtí díẹ̀ tí ènìyàn bá ti fi ara ṣiṣẹ́ dé ibi tí òógùn ti bò ó.