Àdéhùn Tí Ààrẹ Bá Ṣe ní Òkèèrè

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àdéhùn tí Ààrẹ bá bá ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ṣe kò kàn wá. Èmi wí pé ó kàn wá gidigidi.

Ẹni tí ẹbí bá rán níṣẹ́ lè dúnàádúrà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ilẹ̀ ẹbí, àfi kí ó padà wá sọ fún wọn nílé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ìwé Òfin ọdún 1999 wí ní abala 12: àdéhùn tí Nàìjíríà bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò ní agbára òfin, àfi bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Bí ó bá kan ohun tí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Bakassi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague dájọ́ pé Kamẹrúùnù ni ó ni ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2006, Ààrẹ Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Paul Biya fọwọ́ sí àdéhùn ní Amẹ́ríkà lórí bí a óò ṣe fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2007 ni Ilé Aṣòfin Àgbà wí pé àdéhùn náà kò bófin mu, nítorí pé wọn kò fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun wa ti ń kó ẹrù wọn kúrò láti ọdún 2006, bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2008, a gbé ìyókù lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́.

N kò wí pé kí a má gbọ́ ti ilé ẹjọ́. Ohun tí ó dùn mí ni ti àwọn apẹja ibẹ̀. Ìwé ti di fífọwọ́sí kí àwọn aṣojú wọn tó béèrè ibi tí wọn yóò máa gbé àti omi tí wọn yóò ti máa pẹja.

Síbẹ̀, kí aṣòfin kàn nawọ́ sókè nìkan kò tó. Ní ọdún 1960, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí àdéhùn ààbò pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ya lọ sí Èkó láti kọ̀ ọ́, nígbà tí ó sì di oṣù kìíní ọdún 1962, a fagi lé e.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ní oṣù keje ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àdéhùn òwò láàárín àwọn ilẹ̀ Áfíríkà ní ìlú Niamey. Owó ẹnubodè ọjà yín wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí aṣòfin yín bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í bóyá ó ka ìwé náà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n kí a tó buwọ́ lùwé ni a ń gba ọgbọ́n, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.