Láti Orí Ọ̀run Móoru Dé Inú Mẹ́mọ̀rì Kádì: Bí Jíjí Fíìmù Dà Kọ Ṣe Wọ Ìletò Wa

Ní Olódò, lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ìwó, àti káàkiri àwọn ìletò Ẹgbẹ́dá, Lágelú, Akínyẹlé àti Ọ̀nà Àrà, kò ṣòro láti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí kọ̀ǹpútà kan wà nínú rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn á gbé fóònù tàbí mẹ́mọ̀rì kádì kalẹ̀, á dárúkọ orin tàbí fíìmù tó fẹ́, á san owó díẹ̀, wọn á sì kó o sínú rẹ̀ fún un. Àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ ń ṣe é, ìyá tó ń ta gààrí ń ṣe é, ọlọ́kadà tó ń retí èrò náà ń ṣe é. Nínú wọn, ta ló kà á sí olè jíjà? Síbẹ̀, ẹni tó kọrin àti ẹni tó ṣe fíìmù kò rí kọ́bọ̀ nínú owó náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ni kọ̀ǹpútà wọ̀nyí. Ó ti lé ní ogójì ọdún.

Ní 1982, Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, aláwàdà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, owó ńlá ni fíìmù ń gbé mì. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń ra téèpù fíìmù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbé e lọ fọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí owó yẹn lè gbà padà wálé ni kí oníṣẹ́ gbé fíìmù rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìṣàfihàn láti ìlú dé ìlú, kí èrò sanwó lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Ṣùgbọ́n Ọ̀run Móoru kò tíì rìn jìnnà tí àwọn tó ń ṣe ayédèrú fi dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Ẹni tó dà á kọ kò yáwó, kò san owó òṣèré kankan. Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo àti ẹ̀rọ méjì péré ló ní. Ìdílé tó ti wò ó ní pálọ̀ kò tún ní sanwó ní gbọ̀ngàn mọ́. Gbèsè wọ ọrùn ọkùnrin tó ti ń pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín, àdánù náà kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi jáde láyé ní Iléṣà ní October 2018.

Hubert Ògúndé, àgbà nínú iṣẹ́ tíátà, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ṣe Ayé ní 1979, ó ṣe Jáyésinmi ní 1980, ó ṣe Àròpin Ń Tènìyàn ní 1982, ó sì ṣe Àyànmọ́ ní 1988. Nítorí ẹ̀rù àwọn tó ń ṣe ayédèrú, kò jẹ́ kí wọ́n gbé wọn sórí kásẹ́ẹ̀tì fún títà. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń gbé wọn kiri, àwọn ló ń ṣọ́ wọn. Lẹ́yìn tó kú ní April 1990, ìdílé rẹ̀ ń ṣọ́ wọn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Olè kò rí iṣẹ́ náà kó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìmọye ọmọ Yorùbá ló dàgbà láì fojú kan Ayé rí, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ Bàbá Sàlá dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn, owó kò dé ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Ògúndé kò bọ́ sọ́wọ́ olè, kò sì bọ́ sọ́wọ́ aráàlú. Ohun tó sọnù láàárín àwọn méjèèjì ni ọ̀nà tí aráàlú lè gbà san owó tó tọ́ fún ohun tó tọ́, nítòsí ilé rẹ̀. Títí di òní, àìsí ọ̀nà yẹn ló ń bọ́ àwọn tó ń ṣe ayédèrú.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, fíìmù ńlá di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́. Àwọn eléré orí ìtàgé bọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Kenneth Nnebue, tó ti kọ́kọ́ ń náwó sórí fídíò Yorùbá, gbé Living in Bondage jáde lédè Igbo ní 1992, òwò náà sì gbilẹ̀. Ìdúmọ̀tà ní Èkó di ọjà àwọn tó ń ta fídíò. Kò pẹ́ tí ayédèrú fi gbilẹ̀ ní Aláàbà, òun náà ní Èkó. Nígbà tí àwo CD dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó fíìmù rẹpẹtẹ sórí àwo kan ṣoṣo, ní iye tí ẹni tó ṣe ọ̀kan péré nínú wọn kò lè tà á kó jèrè. Láàárín àkókò yìí, àwọn ilé sinimá àtijọ́ ní Ìbàdàn ń kógbá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tuntun tó dé lẹ́yìn wọn wà nínú àwọn ilé ìtajà ńlá ní ìgboro. Ará Olódò tó bá fẹ́ débẹ̀ á san owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, á tún san owó ìwọlé. Ayédèrú ní tirẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé.

Òfin wà o. Èyí tí ìjọba ológun ṣe ní 1988 ní kí ẹni tó bá ṣe ayédèrú fún títà san tó ₦1,000 lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún márùn-ún; ti ẹni tó ń tà á jẹ́ ₦100 lórí ẹ̀dà kan. Nígbà yẹn, owó gidi ni. Ṣùgbọ́n bí náírà ṣe ń wálẹ̀ lọ́dọọdún, iye yẹn dúró lójú kan, títí ìyà tí òfin ní lọ́kàn fi di ohun yẹpẹrẹ. Ó di March 2023 kí Ààrẹ ìgbà náà, Buhari, tó buwọ́ lu òfin tuntun tó mẹ́nu kan íntánẹ́ẹ̀tì gan-an: oníṣẹ́ lè béèrè pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jí gbé kúrò níbẹ̀. Òfin kan náà yìí tún la ọ̀nà fún àwọn afọ́jú, kí wọ́n lè rí ìwé gbà ní ọ̀nà tí wọ́n fi lè kà á. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ààbò fún oníṣẹ́ àti àǹfààní fún aráàlú kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Túndé Kèlání, tó ń darí fíìmù, ti mọ èyí tipẹ́. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú kò dá iṣẹ́ rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n dípò kó ti ilẹ̀kùn, ó gbé fíìmù rẹ̀, Arugbá, kiri àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú sinimá alágbèérìn, ó ń gbé fíìmù lọ bá èèyàn níbi tí wọ́n ń gbé. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn eléré Yorùbá ti ń gbé fíìmù wọn sórí YouTube fúnra wọn. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń wò ó, owó ìpolówó sì ń wọlé fún ẹni tó ṣe é. Èyí ni nǹkan tó sún mọ́ ìdáhùn jù lọ láti ìgbà ayé Bàbá Sàlá. Ṣùgbọ́n déètà ni èèyàn fi ń wò ó, ní January 2025 ìjọba sì fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún iye tí wọ́n ń gbà. Ìdí nìyẹn tí ẹnìkan fi ń wa fíìmù jáde, tí ogún èèyàn fi ń dà á kọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n ń dà kọ bẹ́ẹ̀, kò sí ìpolówó tó ń mówó wá fún ẹnikẹ́ni.

Kí ìjọba lé àwọn ọmọ tó ń kó fíìmù sínú fóònù kúrò lójú ọ̀nà Ìwó kò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn mìíràn á jókòó síbẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn eléré sọ wọ́n di aṣojú, kí wọ́n máa ta ojúlówó ní owó pọ́ọ́kú, kí wọ́n máa jèrè tiwọn, kí ti oníṣẹ́ sì máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa lo gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ní fún àfihàn fíìmù lópin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń rọ àwo ayédèrú lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ni kí òfin tuntun kọ́kọ́ mú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ka ìwé ìròyìn yìí, tí ẹ bá lágbára déètà, orí ìkànnì ẹni tó ni fíìmù ni kí ẹ ti wò ó. Òṣìṣẹ́ yẹ fún owó ọ̀yà rẹ̀, àwọn tó ń pa wá lẹ́rìn-ín náà sì lọ́mọ tí wọ́n ń bọ́ nílé.