Ebi nìkan kò lè pa kòkòrò ikọ́ ife, ẹ lo oògùn yín tán!

Ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn pé: "Ikọ́ mi ti lọ, kí ni mo tún ń lo oògùn sí?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kòkòrò ikọ́ ife, tí Robert Koch ará Jámánì ṣàwárí ní 1882, inú sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó pa á gan-an ló ń gbé. Ara wa kì í káwọ́ gbera o. Ó máa ń run tryptophan, amino acid kan tí à ń rí nínú ẹ̀wà àti ẹran, kí ebi lè pa kòkòrò náà. Ṣé ẹ rántí ogun Ìjàyè? Ìbàdàn dínà oúnjẹ mọ́ wọn, ìyàn mú, ìlú sì tú ní 1862.

Ọgbọ́n yìí máa ń ká Chlamydia, kòkòrò àrùn ìbálòpọ̀, lọ́wọ́ kò. Ṣùgbọ́n ti ikọ́ ife, oko rẹ̀ wà nínú odi: ó ń ṣe tryptophan fúnra rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi nílò oògùn: mẹ́rin fún oṣù 2, lẹ́yìn náà méjì fún oṣù 4. Ẹni tó bá dá a dúró lágbedeméjì, àwọn kòkòrò tó kù lè gbérí padà, kí oògùn má sì ràn wọ́n mọ́.

Bí ikọ́ bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀.