BÍ EEGUN ṢE Ń DI IRIN MÚ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró wo bíríkìlà nídìí iṣẹ́ ní Ìkòsí tàbí ní Kétu yóò ti kíyèsí ohun méjì tí ó máa ń ṣe kí ó tó rẹ́ ògiri. Bí ojú ògiri bá dán, yóò ha á títí yóò fi rí gbágungbàgun. Lẹ́yìn náà yóò bu omi wọ́n ọn. Sìmẹ́ńtì tí a bá rẹ́ mọ́ ògiri tí ó dán tí ó sì gbẹ kì í pẹ́ kí ó tó bó. Ohun méjì yìí gan-an ni àwọn oníṣègùn rí pé ó ń ran eegun alààyè lọ́wọ́ láti di irin tí a fi sínú ara mú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Ẹni tí ó bá ti Mile 12 tọ títì Ìkòròdú gba Kétu lọ sí apá Yábàá yóò kan ilé ìwòsàn eegun ti Igbóbì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945 fún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Lára àwọn tí ń wá ìtọ́jú eegun ni àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS. Àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde a máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí orí eegun itan. Orí eegun náà a kú, a sì wó, ọmọ ogún ọdún a wá máa tiro bí arúgbó. Nígbà tí ó bá burú tán, oníṣègùn a gé èyí tí ó kú kúrò, a sì fi irin rọ́pò rẹ̀. Òmíràn wà tí a fi sìmẹ́ńtì eegun lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àwọn ọ̀dọ́, lọ́pọ̀ ìgbà, a kàn ń kì í bọ inú eegun ni, a sì ń retí kí eegun hù mọ́ ọn. Bí kò bá hù mọ́ ọn, irin yóò máa mì, itan yóò máa dun aláìsàn, a ó sì tún gbé e padà sábẹ́ ọ̀bẹ.

Titanium ni irin tí a sábà ń lò. Ní ọdún 1952, Per-Ingvar Brånemark, oníṣègùn ará Swídìn, fi í sí eegun ẹsẹ̀ ehoro kí ó lè wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn. Nígbà tí ó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ mọ́; eegun ti gbà á. Ní ọdún 1965 ó fi í sí eegun àgbọ̀n ènìyàn láti gbé eyín àtọwọ́dá ró.

Nínú eegun, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ eegun tuntun. Lórí irin tí ó dán, wọn a tẹ́ pẹrẹsẹ, wọn a sì máa bí sí i, ṣùgbọ́n wọn a lọ́ra láti mọ eegun. Lórí èyí tí a fi iyanrìn líle gbo, tí a sì fi ásíìdì jẹ lójú, wọn kì í bí sí i tó bẹ́ẹ̀. Wọn a jókòó ti iṣẹ́, bí àgbẹ̀ tí ó rí ilẹ̀ tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ebè. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, gbágungbàgun tí ó dára jù kò ju 1 sí 2 nínú rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1991, Daniel Buser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára ẹlẹ́dẹ̀ kéékèèké: eegun lẹ̀ mọ́ ìdá 20 sí 25 nínú 100 ojú irin dídán, ó sì lẹ̀ mọ́ ìdá 50 sí 60 ti èyí tí a gbo tí a sì fi ásíìdì jẹ. Àṣejù kò dára níbẹ̀: ní ẹnu, ihò tí ó bá jìn jù a máa di ilé kòkòrò àrùn.

Ti omi ńkọ́? Bí a bá da omi sí ewé kókò, a di róbótó, a sì yí dànù. Bí a bá da á sí àwo tí a fọ̀ mọ́, a tàn kálẹ̀. Titanium tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ dà bí àwo náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́, ìdọ̀tí tí ojú kò lè rí a bò ó, a sì dà bí ewé kókò. Mímọ́ kúrò lọ́wọ́ kòkòrò àrùn kì í ṣe mímọ́ kan náà pẹ̀lú èyí. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe é fi ń pa òmíràn mọ́ nínú omi iyọ̀ tí a dé pinpin, títí di wákàtí iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ kan irin. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá tẹ́ sójú rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ń bá pàdé. Ibi tí omi kò bá tàn dé, ẹ̀jẹ̀ kì í tẹ́ ẹní rere síbẹ̀.

Ní ọdún 2004, Buser àti àwọn tirẹ̀ tún fi méjèèjì wé ara wọn ní àgbọ̀n ẹlẹ́dẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, èyí tí ó gba omi ní ìdá 49, èyí tí kò gbà á ní 29. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni ewu pọ̀ sí. Bí irin bá ń mì nígbà náà, àní kí mímì náà má tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà, iṣan rírọ̀ ni yóò hù yí i ká dípò eegun. Èyí ni ìdí tí oníṣègùn fi ń sọ iye ọjọ́ tí aláìsàn gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá rìn, tí ó sì ń kọ tábà fún un.

Irin tí a fi ń to eegun tí ó ṣẹ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ yàtọ̀. A sábà máa ń mú kí ojú èyí tí a ó yọ padà dán, nítorí pé bí eegun bá hù mọ́ ọn, yíyọ rẹ̀ yóò le ju fífi í sí i lọ.