Ihò Wo Ni Ká Kọ́kọ́ Dí?

Ilé wa ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó. Àwọn ará àdúgbò rò pé "Yahoo" ni mò ń ṣe. Rárá o! Ibi tí ògiri ti lanu ni mò ń wá, kí aláǹgbá tó ráyè wọ̀ ọ́.

Gbogbo ihò tá a bá rí ló ní máàkì ewu, láti 0 dé 10. Log4Shell ti ọdún 2021 gba 10 gbáko. Ṣùgbọ́n máàkì nìkan kọ́ là ń wò. Ihò tó gba 7, táwọn olè ti ń bá wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni màá kọ́kọ́ dí ṣáájú 9 tó wà lórí kọ̀ǹpútà tí ò kan ìta rárá.

Èyí tó le jù ni ẹ̀bẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi àtúnṣe sí i." Wọ́n á ní ó dọ̀la. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún Windows 7 àtàwọn míì. Lọ́jọ́ 12 oṣù karùn-ún, WannaCry gba ihò yẹn gan-an wọlé, ó ti fáìlì pa láwọn ilé ìwòsàn Ìlú Ọba, ó ń béèrè owó. Ọjọ́ 59 ni àtúnṣe ọ̀hún ti wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.