Kí ni àwọn ìràwọ̀ ọ̀dọ́ ń wá nítòsí ihò dúdú?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ní kíláàsì nígbà kan, ọ̀kan nínú yín bi mí bóyá ìràwọ̀ tuntun lè wáyé ní àárín gbùngbùn Milky Way, àgbájọ ìràwọ̀ tiwa yìí. Mo ní, "Rárá o, kò ṣeé ṣe." Mo ti yára jù. Ẹ jẹ́ kí n san gbèsè yẹn lónìí.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Gáàsì tútù ló máa ń kó ara jọ, tí yóò ki pọ̀ títí tí yóò fi di ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n ní àárín náà, tó jìnnà sí wa tó nǹkan bí 26,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, ihò dúdú kan wà, Sagittarius A*, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó ti Òòrùn lọ́nà mílíọ̀nù 4. Tí gáàsì bá sún mọ́ ọn, òòfà rẹ̀ á fa apá iwájú ju apá ẹ̀yìn lọ. Kí gáàsì ọ̀hún tó kó ara jọ, ó ti fà á ya bí ẹní fa búrẹ́dì.

Kí la wá rí? Eruku kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa mọ̀ ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ infrared ń gba inú eruku kọjá. Òun ni ẹgbẹ́ Reinhard Genzel àti ti Andrea Ghez fi ṣọ́ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020. Wọ́n bá àwọn ìràwọ̀ ńláńlá tó gbóná janjan níbẹ̀. Irú wọn kì í pẹ́ láyé, torí kíá ni wọ́n ń jó epo ara wọn tán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 4 sí 6 péré, bẹ́ẹ̀ Òòrùn wa ti lé ní bílíọ̀nù ọdún 4.

Bí wọ́n ṣe tò ló tú àṣírí. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó wà láàárín ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ààbọ̀ sí ihò náà ló ń yí i po sí apá kan náà, bíi pé orí àwo pẹrẹsẹ kan ni wọ́n wà. Ìyẹn fi hàn pé gáàsì rẹpẹtẹ ya dé, ó tẹ́ yí ihò náà ká, ó ki débi pé òòfà tara rẹ̀ borí ti ihò náà, ó sì di ìràwọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti wáyé!

Àwọn tó tún sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ kò tò. Kálukú ló ń gba ọ̀nà tirẹ̀. S2, tó ń yí ihò náà po ní ọdún 16 ọdún 16, wà lára wọn. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ fara mọ́ ni pé ìràwọ̀ méjì tó ń rìn pọ̀ bí ìbejì ló sún mọ́ ihò náà: ó dá ọ̀kan dúró, ó ta èkejì nù. Jack Hills ti sọ ọ́ ní 1988. Ní 2019, wọ́n kéde S5-HVS1, ìràwọ̀ kan tó ń sá tete kúrò ní àárín náà.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìwọ tó béèrè lọ́jọ́ náà, o ṣeun. Ìbéèrè rẹ dára ju ìdáhùn mi lọ.